Atọ́kùn Ni Wá, A Kì í Ṣe Ọmọ-Ọ̀dọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni. Bí òwe yìí bá bá ẹnìkan wí, èmi ni. Ó di ọdún 7 báyìí tí mo ti ń ṣe alábòójútó orí ìtàgé, èyí tí àwọn tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè ní sitéèjì mánéjà, níbi àwọn àjọ̀dún eré kéékèèké tí à ń ṣe káàkiri ilẹ̀ wa: nínú gbọ̀ngàn ìlú, nínú ọgbà ilé-ìwé girama, ní iwájú ààfin, àti lábẹ́ àtíbàbà tí ìjì lè gbé lọ nígbàkúgbà. Mo ti rí ọba lórí ìtàgé, mo ti rí olorì, mo ti rí babaláwo àti jagunjagun; ṣùgbọ́n ìpàkọ́ wọn ni mo mọ̀. Ẹ̀yin òǹwòran ni ẹ ni ojú wọn. Nígbà tí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín, inú òkùnkùn ni mo wà lẹ́yìn aṣọ, tí mo ń fi tọ́ọ̀ṣì kékeré kàwé, tí mo sì ń ka ẹsẹ̀ àwọn tí ó ń wọlé àti àwọn tí ó ń jáde.

N kò wá síwájú yín láti gba oríyìn. Ẹni tí ó bá ń wá oríyìn kì í lọ jókòó sẹ́yìn aṣọ. Ẹjọ́ ni mo mú wá. Àwa ọmọ Yorùbá tí à ń kàwé, tí à ń kọ eré, tí à ń pe àjọ̀dún jọ, a ti sọ ẹni tí ẹ̀mí àwọn eléré wà lọ́wọ́ rẹ̀ di ọmọ-ọ̀dọ̀ tí à ń rán lọ ra omi. A di ẹrù rù ú, a kò fún un ní àṣẹ. Mo fẹ́ fi hàn yín pé ìwà yìí kò bá àṣà wa mu, kò sì bá ọgbọ́n mu. Mo sì fẹ́ sọ fún yín pé ó ti dá ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹsẹ̀ náà.

Ìlú kan ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ ṣe wá lálejò dáadáa, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ìbá ti ṣẹlẹ̀ ní ìlú mìíràn tí mo mọ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni ó fẹ́ ṣeré lọ́jọ́ náà, tiwa ni ó ṣìkẹta. Agogo 4 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ní kí eré àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Eré tiwa nílò pèpéle gíga kan tí yóò dúró fún ààfin. Tábìlì ilé-ìwé 12 ni a fẹ́ tò pọ̀, kí á tẹ́ pákó lé wọn lórí, kí á sì kàn án ní ìṣó. Mo ti dán iṣẹ́ náà wò nílé: ìṣẹ́jú 40 ni ó gbà pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ni àjọ̀dún, wọ́n sì dá mi lóhùn pé kò sí ìyọnu.

Agogo 4 lù, alága ọjọ́ náà kò tíì dé. Agogo 5 lù, wọ́n ní ó ti wà lọ́nà. Agogo 6 kọjá kí ó tó wọlé, ni ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni mẹ́jọ ni ó sọ̀rọ̀, olúkúlùkù wọn ni ó sì sọ pé òun kò ní pẹ́. Kí ó tó kan ẹgbẹ́ tiwa, agogo 10 alẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Akọ̀wé àjọ̀dún wá bá mi lẹ́yìn aṣọ, ó ní ìṣẹ́jú 10 péré ni òun lè fún wa. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, pákó yìí kò tíì gba ìṣó." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ ni o kọ eré ni, àbí ìwọ ni o fẹ́ ṣe é? Àwọn ènìyàn pàtàkì jókòó síta, o ń bá mi sọ̀rọ̀ ìṣó." Mo yíjú sí olùdarí eré wa. Òun náà ní kí á máa bá a lọ, pé Ọlọ́run yóò ṣọ́ wa. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí á máa bá a lọ. Mo sì dákẹ́.

Ní ìparí ìran kejì, a pa iná gẹ́gẹ́ bí a ti fi í sínú eré. Nínú òkùnkùn náà ni ó yẹ kí ọmọkùnrin tí ó ń ṣe ìránṣẹ́ ọba gun pèpéle lọ, kí iná tó tàn. Èmi ni mo fọwọ́ kàn án léjìká, nítorí pé àmì tí àwa méjèèjì jọ fi sí nìyẹn. Ó gbé ẹsẹ̀ lé pákó, pákó yí, ọmọ sì já sí àárín tábìlì méjì. Mo gbọ́ nígbà tí egungun dá. Nígbà tí iná tàn, ó wà nílẹ̀, ó ń ké. Àwọn òǹwòran rò pé inú eré ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ojúgun ni ó dá. Ìyá rẹ̀, obìnrin kan tí ó ń ta èlùbọ́, wá bá wa ní ilé ìwòsàn. Kò pariwo, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó kàn béèrè ni pé, "Ta ni ó ní kí ọmọ mi gun ibẹ̀?" Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Alága kò sí níbẹ̀, akọ̀wé kò sí níbẹ̀, olùdarí eré ti lọ wá ọkọ̀. Mo ní, "Èmi ni, Mà."

Òótọ́ ni mo sọ fún un, èmi ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé ẹni tí a óò bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn eré, òun ni ó yẹ kí ó ní àṣẹ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ.

Ẹlòmíràn nínú yín lè máa rò ó pé, kí tilẹ̀ ni iṣẹ́ náà? N kò bá a jà, nítorí pé bí a bá ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé a ṣe nǹkan kan. Láti ọjọ́ ìdánrawò àkọ́kọ́ ni mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé eré tèmi: ibi tí olúkúlùkù dúró sí, ọ̀nà tí ó gbà wọlé, ọ̀rọ̀ tí a ó gbọ́ kẹ́yìn kí iná tó yí padà, ìlù tí ó gbọ́dọ̀ dún kí ayaba tó yọjú. Bí olùdarí eré bá gbàgbé ohun tí òun tìkára rẹ̀ sọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, inú ìwé mi ni yóò ti rí i.

Ní ọjọ́ eré, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé. N ó fi ẹsẹ̀ ara mi rin gbogbo orí ìtàgé já, n ó tẹ pákó kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, n ó sì gbá ìṣó tí ó bá yọrí padà. N ó lẹ téèpù funfun mọ́ etí àtẹ̀gùn, nítorí pé ẹni tí ó bá ti inú ìmọ́lẹ̀ ńlá bọ́ sínú òkùnkùn, ojú rẹ̀ kì í tètè ríran. N ó tẹ́ bébà funfun sórí tábìlì kan, n ó sì ya àwòrán gbogbo ohun-èlò eré sórí rẹ̀: ibí ni ti irùkẹ̀rẹ̀, ibí ni ti ọ̀pẹ̀lẹ̀, ibí ni ti agbè ẹmu. Bí ó bá kù díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀, tí mo wo tábìlì náà, tí mo rí àwòrán tí kò ní ẹrù lórí, mo ti mọ ohun tí ó sọnù láìbi ẹnikẹ́ni. N ó yẹ àdá ajagun wò, kí ó má lọ jẹ́ pé èyí tí a fi ń roko ni ẹnìkan gbé wá. N ó wo ibi tí wáyà jẹnẹrétọ̀ gbà kọjá, kí ẹsẹ̀ oníjó má baà kọ́ ọ. N ó gbé garawa iyanrìn sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a fẹ́ dáná sí nínú eré. Lẹ́yìn náà ni n ó wá ka orí. Bí àwọn eléré bá jẹ́ 22, tí mo ka 21, eré kò tíì lè bẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe pé gómìnà ni ó jókòó síta.

Nígbà tí aṣọ bá sì ká, òǹkọ̀wé ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, olùdarí eré ti parí tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ti di òǹwòran. Láti ìgbà náà títí aṣọ yóò fi padà wálẹ̀, ọwọ́ mi ni eré wà. Ẹni tí ó bá rò pé iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ni èyí, kí ó wá ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Mo mọ èsì tí àwọn kan máa ń fọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Ẹ jẹ́ kí á gbé e yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, wọ́n ní iṣẹ́ òyìnbó ni. Wọ́n ní àwọn baba wa ṣeré láìní ẹni tí ó ń di ìwé mú lẹ́yìn aṣọ. Ẹ gbọ́ ná: nígbà tí egúngún bá jáde, ta ni ó ń lọ níwájú rẹ̀? Ṣé atọ́kùn kọ́ ni? Ta ni ó ń fi pàṣán lé àwọn èrò sẹ́yìn kí wọ́n má baà kan aṣọ rẹ̀? Ta ni ó ń wo kòtò, tí ó ń wo gọ́tà, tí ó ń wo ọ̀nà fún ẹni tí àwọ̀n bo ojú rẹ̀? Bí eégún bá fọhùn tí èrò kò gbọ́, ta ni ó ń túmọ̀ rẹ̀? A máa ń sọ pé bí eégún ẹni bá jó dáadáa, orí a máa yá ni. Ta ni orí ń yá ju atọ́kùn lọ? Òun ni ó mọ bí aṣọ ti wúwo tó, òun ni ó mọ ibi tí ó ti ya, tí a sì rán an. Kò sí ará ìlú kan tí ó jẹ́ pe atọ́kùn ní ọmọ-ọ̀dọ̀ egúngún. Iṣẹ́ tí à ń wí yìí ti ní orúkọ lédè wa láti ayé àwọn baba wa.

Bí ẹ bá sì ń fẹ́ ẹ̀rí inú ìwé, mo ní in. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Aláàfin pe Hugh Clapperton, ará Sikọ́tíláǹdì kan tí ó rìnrìn-àjò dé Ọ̀yọ́-Ilé, pé kí ó wá wo eré ní gbàgede iwájú ààfin. Clapperton kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Àwọn eléré wọ àpò ńlá, wọ́n jókòó sábẹ́ igi láàárín gbàgede títí ó fi kàn wọ́n. Apá mẹ́ta ni eré náà pín sí. Ní apá kan, òjòlá ńlá kan yọ jáde. Ní apá tí ó gbẹ̀yìn, ẹni tí ó ń ṣe bí òyìnbó ni ó jáde, tí gbogbo èrò sì ń fi rẹ́rìn-ín. Láàárín apá kan sí èkejì, àwọn aya ọba ń kọrin, àwọn èrò sì ń gbè é.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́, ẹ ti gbọ́ ohun tí mo gbọ́ nínú ìtàn yìí. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi nígbà tí àwọn aya ọba ń kọrin? Àpò kan ni wọ́n ń bọ́, òmíràn ni wọ́n ń wọ̀. Ta ni ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí orin bẹ̀rẹ̀, tí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró nítorí pé òjòlá ti múra tán? Clapperton kò sọ ti ẹni náà, nítorí pé kò rí i. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ó wà níbẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ nínú àwọn tí à ń san owó fún lónìí.

Ẹ má sì jẹ́ kí á gbàgbé àwọn tí ó sún mọ́ wa. Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ eré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945; Kọ́lá Ògúnmọ́lá tẹ̀ lé e; Dúró Ládiípọ̀ bẹ̀rẹ̀ Ọba Kò So ní Òṣogbo ní 1963, ó sì gbé e dé Berlin ní 1964. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnká wọ̀nyí a máa wọ ìlú lọ́sàn-án, wọn a kan ìtàgé wọn, wọn a ṣeré lálẹ́, wọn a tú u, wọn a sì di ẹrù sínú ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ẹni tí ó ń jó lórí ìtàgé lálẹ́ náà ni ó ń gbé pákó lọ́sàn-án. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀yìn aṣọ rẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Bí kò bá sí ètò, ẹgbẹ́ tí ó ń gbé irú ìgbésí-ayé bẹ́ẹ̀ kò lè rí oṣù mẹ́ta. Àwa ajogún wọn mú orin wọn, a mú ìlù wọn, a mú òkìkí wọn, a sì fi ètò wọn sílẹ̀ sínú ọkọ̀.

Èkejì, wọ́n ní eré Yorùbá a máa yí bí ọ̀rọ̀ bá ti ń jáde, pé kò ṣe é fi ìwé dè. Òótọ́ ni èyí dé àyè kan. Ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí kì í fi ìwé tí a kọ láti òkè délẹ̀ ṣeré. Ọ̀rọ̀ a máa gùn sí i tàbí kí ó kúrú, gẹ́gẹ́ bí àwọn òǹwòran bá ti gbà á. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí ó ń sáré nínú òkùnkùn ni kò nílò àtùpà, àbí ẹni tí ó jókòó? Bí ọ̀rọ̀ bá ti lómìnira tó ni ó yẹ kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn aṣọ lajú tó. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ láàárín eré wa, jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀, kò dáhùn. Mo ti bá onígángan sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí òkùnkùn bá ṣú lójijì, kí ó máa lu orin kan báyìí, kí gbogbo ẹni tí ó bá wà lórí ìtàgé jókòó síbi tí ó wà, kí wọ́n sì máa gbè é. Mo ti fi epo sínú àtùpà mẹ́rin, ìṣáná sì wà lápò mi. Kí wọ́n tó kọ orin náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, àtùpà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jáde, ọba sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Àgbà òǹkọ̀wé kan wá kí olùdarí eré lẹ́yìn náà, ó ní orin inú òkùnkùn yẹn ni ó dùn mọ́ òun jù. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kò sí orin kankan níbẹ̀ nínú ìwé.

Ẹ̀kẹta, èyí tí wọn kì í fẹ́ sọ síta, ni pé ọmọdé kò gbọdọ̀ máa pàṣẹ fún àgbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí ni a kéré lọ́jọ́ orí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, alága sì jẹ́ olóyè. Báwo ni ọmọ kékeré yóò ṣe sọ fún olóyè pé kí ó kúrú ọ̀rọ̀ rẹ̀, tàbí kí ó sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé eré kò tíì lè bẹ̀rẹ̀? Èsì mi ni pé, bí ọba bá wọ ọkọ̀, ọba kì í torí pé awakọ̀ kéré sí òun kí ó wá já ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀wọ̀ kò sì ṣòro fún wa. Mo lè dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n tó sọ pé rárá; ṣùgbọ́n bí mo bá dìde, rárá náà ni. Ọ̀wọ̀ tí ó bá mú kí n dákẹ́ nígbà tí pákó kò gba ìṣó, ìbẹ̀rù ni, kì í ṣe ọ̀wọ̀. Èmi tí mo ń sọ ọ́ yìí ti ṣe ẹrú ìbẹ̀rù náà rí, mo sì ti sọ fún yín ohun tí ó náni.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n ní kò sí owó. Èyí ni ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Lóòótọ́ ni owó kò pọ̀ níbi àjọ̀dún kéékèèké. Ṣùgbọ́n mo ti rí àjọ̀dún tí ó rówó ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún ìgbìmọ̀, tí ó rówó tẹ àwòrán alága sára asia, tí kò rówó ra ìṣó. Ìṣẹ́jú 40 tí mo béèrè kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí a kọ orúkọ ẹni márùn-ún sí i sínú ìwé ètò kò ná ni ní nǹkan kan. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àìlówó ni làpálàpá. Pé a kò ka ohun tí ojú kò rí sí iṣẹ́, ìyẹn ni ẹ̀tẹ̀.

Kí n má baà dà bí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀, jẹ́ kí n sọ tiwa náà. Àwọn kan wà nínú wa tí ó jẹ́ pé nítorí àtirí àwọn eléré nítòsí ni wọ́n ṣe gba iṣẹ́. Àwọn kan a máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn aṣọ débi pé àwọn tí ó jókòó síwájú yóò máa gbọ́ ọ. Àwọn kan kò ní ìwé eré kankan, orí wọn ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, orí a sì máa gbàgbé. Nínú àwọn yunifásítì wa, a máa ń kọ́ iṣẹ́ yìí nínú ẹ̀ka eré ìtàgé, a ń gba máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí ipa gbà nínú eré ni a máa ń tì sẹ́yìn aṣọ, bí ẹni pé ìjìyà ni. Ẹni tí a bá fi ìjìyà gbà síṣẹ́, báwo ni yóò ṣe fi ìfẹ́ ṣe é? Bí a bá ń fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún wa, àfi kí á kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, mo ń béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó bá ń pe àjọ̀dún eré jọ, àti lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa yìí pàápàá, tí ó máa ń gbé eré jáde. Lákọ̀ọ́kọ́, kí a jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rin orí ìtàgé náà já kí òǹwòran tó wọlé, kí a sì kọ iye ìṣẹ́jú tí ó nílò láti tò ó sínú ètò, bí a ti ń kọ àkókò ọ̀rọ̀ alága. Lẹ́ẹ̀kejì, bí ọ̀rọ̀ alága bá gùn jù, inú ọ̀rọ̀ àwọn tí ó kù ni kí a ti yọ ọ́. A kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára ìṣó. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí a kọ orúkọ àwọn tí ó wà lẹ́yìn aṣọ sínú ìwé ètò, kí ó lè jẹ́ pé bí nǹkan bá bàjẹ́, a mọ ẹni tí a óò bi, bí ó bá sì dára, a mọ ẹni tí a óò kí. Ẹ̀kẹrin ni ó tóbi jù: kí alábòójútó orí ìtàgé ní àṣẹ láti sọ pé eré kò tíì lè bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe olùdarí, ìbáà ṣe alága, ìbáà ṣe ọba aládé, má sì lè yí i padà àfi bí ohun tí ó tọ́ka sí bá ti dára.

Wọn yóò ní kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí alábòójútó náà bá lo àṣẹ yìí nílòkulò. Òǹwòran yóò jókòó díẹ̀ sí i ni. Òǹwòran wa mọ̀ bí a ti ń jókòó. A ti fi ọ̀rọ̀ alága kọ́ wọn.

Ọmọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń rìn báyìí. Ó tilẹ̀ ti padà sórí ìtàgé, nítorí pé ẹni tí eré bá ti wọ̀ lára kì í gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí ó tó gun ohunkóhun, yóò kọ́kọ́ wá sẹ́yìn aṣọ, yóò bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti kàn án?" Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní wo ilẹ̀ mọ́, yóò gùn ún. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún wa ní àyè láti lè fi òtítọ́ dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí atọ́kùn di pàṣán rẹ̀ mú, kí eégún yín lè jó.